Ọmọ Ta Ni Ọ́? Ìtàn Ìbéèrè Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ìkàwé

Kí ìwé ìdánimọ̀ tó dé ilẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbà máa ń bi ọmọ tí wọn kò bá mọ̀ rí: "Ọmọ ta ni ọ́?" Ìdáhùn ọmọ náà ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n lè ké sí bí ọmọ náà bá ṣubú, ẹni tí yóò san owó bí ó bá fọ́ ìkòkò oníkòkò, àti oúnjẹ tí wọn kò gbọdọ̀ fún un nítorí èèwọ̀ ilé rẹ̀. Ọmọ náà yóò dárúkọ bàbá rẹ̀, yóò dárúkọ agbo ilé wọn, bí wọ́n bá sì ti kọ́ ọ dáadáa nílé, yóò fi oríkì kún un. Ó parí náà nìyẹn. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí fọ́tò, kò sí òǹtẹ̀.

Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ ìbéèrè yẹn láti ẹnu àgbà dé orí ìwé, àti láti orí ìwé dé ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé ìjọba. Mo yan ilé ìkàwé nítorí pé nínú gbogbo ilé tí ìjọba kọ́, òun ló yẹ kí ó rọrùn jù lọ fún ọmọ tálákà láti wọ̀. Kíláàsì SS2 ni mo wà, Èjìgbò ni mo sì ń gbé. Ìlú wa ní ìdí pàtàkì láti ronú lórí ọ̀rọ̀ ìwé ìdánimọ̀, mo sì máa ṣàlàyé ìdí náà bí a bá ṣe ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn baba wa ṣe ń dá ara wọn mọ̀. Òwe wa sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìwé ìdánimọ̀: ẹni tó bá gbọ́ Ògúnwálé tàbí Ifátóyìn ti mọ ohun tí ìdílé náà ń bọ. Oríkì sọ ibi tí ìdílé ti ṣẹ̀ wá. Ilà ojú, bí àbàjà, pẹ́lé àti gọ̀ǹbọ́, máa ń sọ ìlú tàbí ìdílé tí ènìyàn ti wá kí ó tó la ẹnu. Lónìí, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ti ka ilà kíkọ sí ara ọmọdé léèwọ̀, mo sì gbà pé ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ilà ń ṣe láyé àtijọ́ ni iṣẹ́ tí káàdì ń ṣe lóde òní.

Irú ìdánimọ̀ yẹn lágbára ju bí a ṣe rò lọ. Ògìyán ni oyè ọba ìlú wa, a sì mọ̀ pé Òrìṣà Ògìyán ni òrìṣà ìlú Èjìgbò. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil kò gbé ìwé kankan dání, síbẹ̀ àwọn ọmọ ọmọ wọn tó ń bọ òrìṣà ní Bahia ṣì ń bọ Oxaguiã, wọ́n sì mọ̀ pé Èjìgbò ni ìlú tí ó ti jọba. Ẹ wo bí orúkọ ìlú wa ṣe kọjá òkun láìsí páálí kan tí ó gbé e.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló mú ìwé wọ inú ìdáhùn ìbéèrè wa. Nígbà tí wọ́n gbé owó orí dé ilẹ̀ Yorùbá, rìsíìtì owó orí di ohun tí ọkùnrin gbọ́dọ̀ máa mú rìn. Ogun Àdùbí tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918 kò ṣẹ̀yìn owó orí yìí. Títí di ìgbà tí òyìnbó ti gbé ìjọba sílẹ̀, àwọn agbowó orí ṣì máa ń dá àwọn àgbẹ̀ dúró lójú ọ̀nà pé kí wọ́n mú rìsíìtì wá. Ẹni tí kò bá rí i mú jáde lè di ẹni tí wọ́n ń lé wọ inú igbó. Èyí wà lára ohun tó bí ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ti ní i lọ́kàn pé ìwé tí ìjọba bá béèrè lọ́wọ́ ènìyàn, owó ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kí àwọn tó ń ṣe òfin fún ilé ìkàwé rántí èyí. Nígbà tí àgbẹ̀ kan bá lọ́ra láti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀, kì í ṣe pé ó kórìíra ìwé kíkà. Ohun tí ojú àwọn bàbá rẹ̀ rí ló ń bà á lẹ́rù.

Ilé ìkàwé náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1932, wọ́n dá ilé ìkàwé kan sílẹ̀ ní Èkó. Àjọ Carnegie ti Amẹ́ríkà fi 6,000 dọ́là ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n owó ni ọmọ ẹgbẹ́ ń san kí ó tó lè yá ìwé níbẹ̀, òyìnbó ló sì pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sára ògiri pé kí ènìyàn dúdú má wọlé. Iye owó náà ti sọ ọ́. Ní 1943, British Council bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, àwọn ilé ìkàwé wọn sì ṣílẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó fẹ́ kàwé.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, èrò ayé bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ní 1949, UNESCO gbé ìkéde kan jáde lórí ilé ìkàwé gbogbogbòò. Ní ọdún yẹn kan náà, Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, ṣe òfin tó dá ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé sílẹ̀. Ní 1953, UNESCO pe ìpàdé ńlá kan sí Ìbàdàn lórí bí ilé ìkàwé gbogbogbòò yóò ṣe gbèrú ní Áfíríkà. Ìbàdàn kò jìnnà sí wa. Àwọn tó pé jọ síbẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí bí ìwé yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà ṣe òfin ilé ìkàwé tirẹ̀ ní 1955. Ọdún yẹn náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òfin tó dá Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè sílẹ̀ jáde ní 1964. Nígbà tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ, 1991, ìpínlẹ̀ tuntun náà ní láti ní àjọ ilé ìkàwé tirẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan nínú ọdún 1955 yẹn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò béèrè ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, nítorí pé ọmọ púpọ̀ kò ní in. Àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ ìgbà náà máa ń sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá ọmọ ti tó lọ sílé ìwé: wọ́n á ní kí ó gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá orí, kí ó fi fọwọ́ kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ó wọlé. Ọ̀nà yẹn kò péye, ṣùgbọ́n ọmọ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe páálí. Bí wọ́n bá ti dúró de ìwé-ẹ̀rí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó di olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti adájọ́ ní ilẹ̀ wa kò ní rí ẹsẹ̀ wọ kíláàsì.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni káàdì ilé ìkàwé ti di ọ̀rọ̀ ńlá. Ní ìlú Alexandria ní Virginia, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣí ilé ìkàwé gbogbogbòò kan ní 1937. Owó orí tí dúdú àti funfun jọ san ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n ń fún ní káàdì. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, 1939, ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú márùn-ún wọ ilé ìkàwé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kọ̀ọ̀kan béèrè fún káàdì pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n kọ̀ fún un. Ó mú ìwé kan lórí pẹpẹ, ó lọ jókòó sí tábìlì tirẹ̀, ó sì ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́. Àwọn ọlọ́pàá wá mú wọn. Agbẹjọ́rò tó ṣètò rẹ̀, Samuel Wilbert Tucker, jẹ́ ọmọ ọdún 26 péré. Ní 1940, ìlú náà kọ́ ilé ìkàwé kékeré kan lọ́tọ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú, wọ́n sì fún Tucker ní káàdì ibẹ̀. Ó kọ̀ ọ́. Káàdì ilé ìkàwé tí owó orí rẹ̀ náà wà nínú rẹ̀ ló béèrè fún, kì í ṣe òmíràn. Ó di 2019 kí ilé ẹjọ́ tó fagi lé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún náà. Ọgọ́rin ọdún ti kọjá nígbà náà.

Òǹkọ̀wé Richard Wright sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, Black Boy, tó jáde ní 1945. Nígbà tó wà ní Memphis, kò lè gba káàdì nítorí pé ó jẹ́ dúdú. Ó yá káàdì aláwọ̀ funfun kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń ṣe bí ẹni tí wọ́n rán wá gba ìwé fún ọ̀gá rẹ̀. Àwọn ìwé tó yá lọ́nà bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó sọ ọ́ di òǹkọ̀wé.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó sọ pé kí ẹ̀yà kan má wọ ilé ìkàwé. Ohun tí a ní ni ìwé: fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì, ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tàbí NIN, bíìlì iná tó fi àdírẹ́sì hàn, owó ìforúkọsílẹ̀, àti onídùúró tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Kì í ṣe gbogbo ilé ìkàwé ló ń béèrè gbogbo rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbìyànjú rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó yẹ kí a ṣe òdodo fún àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé. Ìwé wọ́n, owó tí ìjọba sì ń fún ilé ìkàwé kéré. Ẹni tó bá yá ìwé tí kò dá a padà ti jí i lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Olùtọ́jú ló máa dáhùn bí ìwé bá sọnù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá ẹni tí wọ́n lè dì mú.

Onídùúró kì í sì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Bí ènìyàn bá fẹ́ yá owó, bí àlejò bá fẹ́ gba ilẹ̀ dáko, bí ọmọ bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró fún un. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín onídùúró àtijọ́ àti ti orí fọ́ọ̀mù. Àṣà wa ń béèrè ẹni tó mọ̀ ọ́. Fọ́ọ̀mù ń béèrè ẹni tí ìjọba mọ̀. Baálé tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ náà kò tó, nítorí kò ní ìpele iṣẹ́ ìjọba. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò mọ ọmọ náà rí, tó kàn buwọ́ lùwé nítorí pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́, òun ni wọ́n gbà. Bí ìwé náà bá sọnù lọ́la, ta ni nínú àwọn méjèèjì ló mọ ilé tí wọn yóò ti lọ wá a?

Ní abúlé tó yí Èjìgbò ká, láti apá Ifẹ̀-Ọ̀dàn títí dé àwọn oko tó wà lẹ́yìn Ọlà, ìdílé púpọ̀ wà tí kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kan nínú wọn. Àgbẹ̀ ni wọ́n, oníṣòwò ni wọ́n. Bíìlì iná kò ní ìtumọ̀ níbi tí kò sí iná. Ní agbo ilé wa gan-an nínú ìlú, orúkọ bàbá àgbà tó ti kú ló ṣì wà lórí bíìlì náà. Gbogbo wa là ń san owó rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi ṣe ẹ̀rí pé ibẹ̀ ni òun ń gbé.

Mo ti sọ ṣáájú pé Èjìgbò ní ìdí tirẹ̀ láti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí náà ni Côte d'Ivoire. Láti ìgbà ìjọba òyìnbó ni àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀, pàápàá jù lọ ní Àbíjàn. Bọ́ọ̀sì ń gbéra láti ìlú wa, á gba Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà kọjá kí ó tó dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ èdè Faransé láàárín ọjà wa. Ní ọ̀hún, Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá.

Ìwé ìdánimọ̀ ti fojú àwọn ènìyàn wa rí màbo níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ìjọba Côte d'Ivoire bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè káàdì ìgbélùú lọ́wọ́ àlejò. Owó ni wọ́n fi ń gbà á, àwọn agbófinró sì máa ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ àlejò lẹ́nu lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ta ni ojúlówó ọmọ ilẹ̀ náà gba ìgboro kan, ó sì wà lára ohun tó fa ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, 2002. Ní 2007, wọ́n fagi lé káàdì náà fún àwọn ará orílẹ̀-èdè ECOWAS. Rògbòdìyàn mìíràn tún bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò 2010, ó sì parí ní 2011. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ìdílé púpọ̀ kó ọmọ wọn padà wá sílé.

Àwọn ọmọ tó padà wá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ronú lé. Abala 25 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sọ pé ọmọ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ òkèèrè, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Kò sí iyèméjì kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀, àwọn akọ̀wé ọ̀hún sì ń kọ orúkọ bí Faransé ṣe ń dún. Ẹni tó ń jẹ́ Adéṣínà ní Èjìgbò lè di Adechina ní Àbíjàn. Ṣọlá á di Chola. Bàbá Adeshina, ọmọ Adechina: akọ̀wé tó bá wo ìwé méjèèjì yóò ní wọn kì í ṣe ìdílé kan náà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà lára wọn. Àbíjàn ni wọ́n bí i sí, ó sì ti ń gbé pẹ̀lú wa. Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, àwa méjèèjì lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìkàwé kan. Mo ní lẹ́tà láti ilé ẹ̀kọ́ mi, mo sì ní NIN. Wọ́n fún mi ní káàdì. Nígbà tó kan òun, ìyá tó jókòó níbẹ̀ yẹ ìwé rẹ̀ wò tẹ́yìn-tojú.

Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò lè ka èyí. Ẹ ní kí bàbá yín lọ ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù, kí ẹ sì mú NIN rẹ̀ wá."

Mo béèrè, "Mà, ṣé ó lè jókòó kàwé nínú ilé títí ìwé náà yóò fi jáde?"

Ó ní òfin kò gbà á, nítorí pé ẹni tó bá ní káàdì nìkan ló ń wọlé. Kò pariwo mọ́ wa, kò sì rẹ́ wa jẹ. Òfin tí wọ́n fún un ló tẹ̀ lé. Láti ọjọ́ náà, ìwé méjì tí wọ́n ń yá mi lẹ́ẹ̀kan, àwa méjèèjì la jọ ń kà á nílé. Òun ló máa ń kà á tán ṣáájú. Nígbà tí mo wá ka ìtàn Richard Wright, mo fi í hàn án. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Èmi náà ń fi káàdì ẹlòmíràn kàwé." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ló mú mi kọ àròkọ yìí.

NIN fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun burúkú. Òfin tó dá àjọ tó ń fúnni ní i sílẹ̀ jáde ní 2007. Nọ́ńbà 11 ni, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ni í. Ní oṣù kejìlá, 2020, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn so ó mọ́ ìlà fóònù wọn, láti 2021 sì ni JAMB ti ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Mo gbà pé ó ṣe pàtàkì kí ilé ìfowópamọ́ mọ ẹni tó ni owó, kí JAMB sì mọ ẹni tó ń ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ tó jókòó ní tábìlì, tó ń ka ìwé ìtàn, lè fi orúkọ ẹlòmíràn jí? Níbi tí ewu bá ti kéré, ó yẹ kí ìbéèrè náà kéré.

Níbí ni mo ti rí ohun tí ó dà bí ẹni pé a kì í sábà yà sọ́tọ̀: kíkà àti yíyá kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tó fẹ́ gbé ìwé lọ sílé, ó bójú mu kí a mọ ilé rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ jókòó kà á, kí ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ọwọ́ mímọ́ àti ẹnu jẹ́ẹ́ ló tó. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Òwe náà kò sọ pé bí ọmọdé bá ní NIN.

Ìpínlẹ̀ wa ti gbìyànjú rí láti gbé ìwé fo ẹnu ọ̀nà kọjá. Ní 2013, ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọ̀pọ̀n Ìmọ̀ jáde, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà ti ìjọba. Ó dára púpọ̀, nítorí ìwé ló wá bá ọmọ. Síbẹ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ló kàn. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àbíjàn dé tí kò tíì rí ilé ẹ̀kọ́ wọ̀, kò kàn wọ́n. Ilé ìkàwé gbogbogbòò ló yẹ kí ó gba irú wọn, ìyẹn gan-an ni ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní gbogbogbòò.

Ìkéde UNESCO tí wọ́n tún kọ pẹ̀lú àjọ IFLA ní 1994, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2022, sọ ọ́ ní kedere pé ilé ìkàwé wà fún gbogbo ènìyàn láìwo ọjọ́ orí, ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, èdè tàbí ipò. Àwọn ìlú kan ti wá ọ̀nà láti mú un ṣẹ. Ní 2015, New York bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn olùgbé ìlú náà ní káàdì ìdánimọ̀ tí wọn kò fi béèrè ìwé ìgbélùú, káàdì náà sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé. Wọn kò sọ pé kí wọ́n má mọ ẹni tó ń yá ìwé. Ẹ̀rí tí wọ́n ń gbà ni wọ́n mú pọ̀ sí i, kí ẹni tí kò ní èyí lè mú tọ̀hún wá.

Àwa náà lè ṣe é, a kò sì nílò owó ńlá. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni lè wọlé kàwé nígbà tó bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ẹnu ọ̀nà. Èkejì, fún yíyá ìwé, kí wọ́n gba ẹyọ kan nínú ẹ̀rí wọ̀nyí: lẹ́tà ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, lẹ́tà baálé, ti ìmáàmù tàbí ti pásítọ̀, tàbí òbí tó bá wá fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n kọ ní èdè Faransé. Kò yẹ kí ó ṣòro ní Èjìgbò láti rí ẹni tó lè kà á.

Àwọn kan yóò ní ìwé yóò sọnù. Mo fẹ́ kí wọ́n wo bí alájọ ṣe ń ṣe. Kò béèrè bíìlì iná lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ẹ̀wà. Ó mọ ìsọ̀ rẹ̀, ó sì ń fi díẹ̀díẹ̀ mọ ìwà rẹ̀. Kí ilé ìkàwé yá ọmọ tuntun ní ìwé kan ṣoṣo. Bí ó bá dá a padà lásìkò, kí wọ́n yá a ní méjì. Ẹni tí kò dá a padà, kí baálé tàbí olùkọ́ tó kọ lẹ́tà fún un gbọ́. Ní ìlú bíi tiwa, ìtìjú ojú baálé máa ń ká ọmọ lára ju ìkìlọ̀ orí fọ́ọ̀mù lọ.

Iṣẹ́ wà fún gbogbo wa nínú rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kété tí ẹ bá ti sọ ọ́ lórúkọ, kí ẹ sì rí i pé bí ẹ ṣe kọ orúkọ ìdílé sórí ìwé kan náà ni ẹ kọ ọ́ sórí gbogbo rẹ̀, yálà ní Èjìgbò tàbí ní Àbíjàn. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ọmọ bá mú fọ́ọ̀mù ilé ìkàwé wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ buwọ́ lù ú fún un. Ẹ̀yin tó ń ṣe òfin ilé ìkàwé, ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò tíì ní ìwé rí àga jókòó lé nígbà tó ń wá a. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà, ẹ jẹ́ kí a máa dá ìwé padà lọ́jọ́ tó yẹ, nítorí ìwé kọ̀ọ̀kan tí a bá dá padà lásìkò ni ẹ̀rí tó dára jù lọ pé a lè fọkàn tán ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa.